Ẹja Tútù Ìyá Samsu ní Alẹkisáńdíríà

Tí ẹ bá dé Òtu, tí ẹ sì béèrè obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè, ilé Ìyá Samsu ni wọn yóò mú yín lọ. Àmọ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀jẹ̀túndé, ló fẹ́ ẹ, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, àwọn ará ilé ní kí ó yá ẹlòmíràn ní oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, torí obìnrin kì í kọ ebè lọ́dọ̀ wa. Àmọ̀kẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó ní kí ó rọ ọkọ́ tó fúyẹ́ díẹ̀ fún òun, ó sì wọ oko lọ. Iṣu tó wà lábẹ́ ebè rẹ̀ lọ́dún yẹn, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gbé ẹyọ kan nínú wọn, mo sinmi lọ́nà kí n tó gbé e délé, bẹ́ẹ̀ ni mo lágbára nígbà náà ju akọ màlúù lọ.

Ọdún kan tún wà tí màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ màlúù náà láti Òtu títí dé ẹ̀yìn Ìpàpó, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni ín. Kò bú u, kò sunkún, ó kàn jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tí wọ́n tún bá a níbẹ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bá a padà wá tún ọgbà oko ṣe. Irú ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín nìyẹn.

Èmi Ládòkun ni mò ń kọ ọ́. N kò lọ sí ilé ìwé kankan. Bébà tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, bébà tí mo sì ti kà pọ̀ ju àkàrà tí mo jẹ lọ. Láti Ìséyìn dé Ṣakí, bí ẹnìkan bá wà tó gbọ́ èdè Lárúbáwá jù mí lọ, kò tíì jáde síta kí a rí i.

Samsudeen nìkan ni ọmọ tó yè fún Àmọ̀kẹ́. Alẹkisáńdíríà ló ń gbé, ìlú ńlá etí òkun ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ó ní mánéjà ni òun ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n kò wálé. Iléyá ń lọ, Iléyá ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ, Samsu kò wálé.

Ìyá Samsu wá bá mi nídìí ògiri lọ́jọ́ kan. Ọkọ ló ń pè mí, torí ó bá mi nílé ọkọ ni.

"Ọkọ mi," ó ní, "mo máa ń rí ojú ẹ̀ lórí fóònù. Ògiri funfun kan báyìí ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀, n kì í rí nǹkan míì. Ọmọ tí kì í jẹ́ ká mọ ibi tóun ń sùn, nǹkan kan ló dí i lọ́nà ilé. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibẹ̀. Tí mo bá rí i, màá mọ ohun tí mo máa ṣí kúrò lọ́nà."

Nítorí náà, nígbà tí àwa méjèèjì lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà, tí ọkọ̀ òfuurufú wa sì yà sí Káírò nígbà tí à ń bọ̀, tí wọ́n ní kí a sinmi ọjọ́ kan, Ìyá Samsu kò sinmi. Ó ní ká wọ rélùwéè lọ sí Alẹkisáńdíríà láàárọ̀, ká padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà la ní. Lọ́dọ̀ wa, ìyá tó bá dé ìlú ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáná lẹ́ẹ̀kan nínú ilé ọmọ náà. Bí kò bá dáná níbẹ̀, kò tíì dé ibẹ̀, ì báà lo oṣù kan nílùú.

Samsu ti dúró dè wá ní ibùdókọ̀ rélùwéè pẹ̀lú kóòtù àti táì. Bó ṣe rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí àárín èrò. Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ̀ pé a máa ń kí àgbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ó dákú ni. Obìnrin kan sáré da omi sí i lórí, ọkùnrin kan ń tú táì rẹ̀, ẹnìkan ti ń pe dókítà. Ìyá Samsu gba ike omi lọ́wọ́ obìnrin náà, ó mu ìyókù, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Dìde, Àjàní. Ilé dà?"

"Ìyá mi, wọ́n ń kun ilé lọ́dà ni," ni Samsu wí, omi ń kán lára rẹ̀. "Ọ̀dà yẹn ń rùn, ẹ ò ní lè mí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín rìn yí ìlú ká."

"Imú mi ò burú tó bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ebi ń pa èmi, mo ní ká kọ́kọ́ jẹun ná.

Ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ níbẹ̀, ẹ̀wà ńláńlá tí wọ́n rọ òróró sí, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Ojú títì ni wọ́n gbé àga wa sí. Bí ọkùnrin kan ṣe ń kọjá lọ, Ìyá Samsu na ọwọ́ sí àwo rẹ̀, ó ní kí ó wá jẹun, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Ní Òtu, ẹni náà yóò ní, "Á gba ibi ire," yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kò mọ ìyẹn. Ó fa àga, ó jókòó, ó bu ẹ̀wà. Ẹlòmíràn ń kọjá, Ìyá Samsu kò lè ṣàìkí i, òun náà jókòó. Kó tó pẹ́, a ti pọ̀ yí àwo náà ká bí ẹni ń ṣe sàárà, n kò rí ju ìdí àwo lọ.

"Ìyá mi, ẹ má pè wọ́n mọ́," ni Samsu bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé kí n máa jẹun níṣojú èèyàn kí n má pè é? Èyí kì bá ti ṣẹlẹ̀ tó bá jẹ́ pé inú ilé la ti ń jẹ ẹ́."

Láti ibẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro lọ sí etí òkun. Mo tẹ̀lé ìyàwó wa wọlé, mo jókòó. Àṣé ọkọ̀ àwọn obìnrin ni. Samsu wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ń fi ọwọ́ júwe sí mi láti ojú fèrèsé, èmi náà ń juwọ́ sí i. Àwọn obìnrin náà wò mí títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan fún mi ní súìtì. Ẹ̀wù mi dára lọ́jọ́ náà.

Odi àtijọ́ kan wà lẹ́nu òkun, tí àwọn ọba ayé àtijọ́ kọ́ kí ọ̀tá má baà wọlé. Mo dúró sórí òkúta níwájú rẹ̀ kí Samsu lè yà mí ní fọ́tò. Ìgbì omi kan gbéra, ó ga ju mọ́sáláṣí Òtu lọ pẹ̀lú ilé ìpèrun rẹ̀, ó wò mí, ó sì bò mí mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti bá omi lọ. Mo fi eyín di òkúta mú. Nígbà tí omi kúrò lójú mi, Ìyá Samsu ń fún omi ẹ̀wù mi, ó ń bi ọmọ rẹ̀ pé, "Níbo la ti máa sá aṣọ bàbá ẹ, bí kì í bá ṣe nílé ẹ?"

Samsu ní ilé òun jìnnà. Láàárọ̀, ọ̀dà ni. Nísinsìnyí, ó jìnnà. Èmi àti ìyá rẹ̀ wo ara wa.

Ó mú wa lọ jẹun ọ̀sán. Ilé oúnjẹ náà wà létí omi, wọ́n to ẹja tútù sórí yìnyín níwájú ìta. Ìwọ ni wàá yan èyí tí o fẹ́, wọn á fi iná yan án fún ọ. Ìyá Samsu na ìka sí ọ̀kan tó gùn láti èjìká mi dé ọmọ ìka ọwọ́, tó sì ń wò mí bí ẹni tó mọ bàbá mi. Samsu sanwó. Ọkùnrin ilé oúnjẹ fẹ́ gbé ẹja wọlé lọ sídìí iná, ni Ìyá Samsu bá dì í mú ní ìrù.

"Ṣé a ti sanwó ẹ̀?"

"A ti san án, Ìyá mi. Wọ́n máa yan án fún wa ni."

"Ẹja ti di tiwa nìyẹn. Ibi tí a ó ti sè é ló kù." Ó yọ ọ̀rá dúdú kan nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ki ẹja náà bọ̀ ọ́. Orí wọlé, ìrù wà níta.

"Ìyá mi, wọn kì í gbé e lọ báyìí níbí o."

"Ṣé èmi ni màá wá sílùú ọmọ mi, kí àlejò máa dáná fún mi?"

"N ò ní ata nílé."

Ó ṣí àpamọ́wọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ata gígún wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, irú wà níbẹ̀, tó fi ewé wé. Irú náà ti bá a dé Mẹ́kà, ó ti bá a bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa pe irú náà ní Àlàájà. Samsu kò rẹ́rìn-ín.

Ó rò pé ó máa rẹ ìyá òun, ló bá ń mú wa kiri. Ilé ìkàwé ńlá kan wà nílùú náà, tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìdérí ìkòkò. Mo ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ láti inú bébà àkàrà. Wọ́n ní ká gbé ẹrù sórí ẹ̀rọ tó ń yẹ inú báàgì wò. Nígbà tí ọ̀rá dúdú wọlé, ọ̀dọ́bìnrin tó ń wo ojú ẹ̀rọ bojú wò ó, ó tún bojú wò ó, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo egungun ẹja náà ló yọ lójú ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún wa pé ẹja kò lè wọ ilé ìkàwé.

"Fi ẹja sílẹ̀ níta, ká wọlé," ni mo bẹ Ìyá Samsu. "Ìwé gbogbo ayé ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ẹ máa wọlé, ọkọ mi. Èmi àti ẹja máa dúró."

N kò lè fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi, akọ̀wé Òkè-Ògùn, fi padà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Àmọ́ mo ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri, ìyẹn náà kò kéré.

Nígbà tí a fi máa rìn dé etí òkun padà, àwọn ológbò ìlú náà ti gbọ́ òórùn. Ọ̀kan kọ́kọ́ tẹ̀lé wa. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti pọ̀ bí ogun, àwọn kan tiẹ̀ ti ìlú mìíràn wá, mo mọ̀ ọ́n lójú wọn. Samsu ra àgbàdo sísun fún wa. Ìyá rẹ̀ jẹ díẹ̀, ó ní iná ti pọ̀ jù fún un, ó ní ẹni tó sun ún kò ní ìyá. Oòrùn ń mú. Ọ̀rá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi, ẹja ti ń bàjẹ́," ni Samsu wí. "Ẹ jẹ́ ká fi fún àwọn ológbò."

"Ó ṣì dára báyìí. Tó bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un, kò ní dára mọ́. Ilé ẹ ńkọ́?"

"Ọ̀gá mi ò fẹ́ àlejò nínú ilé."

"Láàárọ̀, ọ̀dà. Lọ́sàn-án, ó jìnnà. Ó ti wá kan ọ̀gá." Ó gbé ọ̀rá kalẹ̀. "Ó dáa. Kò sí wàhálà."

A rò pé ó ti gbà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n kó òkúta sí létí omi, ó ru ọ̀kan wá sórí ibi tí àwọn èèyàn ti ń rìn, ó padà lọ mú òmíràn, ó tún mú ẹ̀kẹta. Ó to wọ́n bí ààrò. Ó ṣa páálí àti igi àpótí tó já sílẹ̀ níwájú ilé ìtajà kan, ó kì í sí àárín, ó bẹ alágbàdo ní ẹyín iná. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè níwájú òkun ńlá yẹn. Àwọn tó ń najú dúró, wọ́n ń ya fọ́tò. Samsu di orí mú.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n máa mú wa."

"Ibi tí wọ́n bá mú wa lọ máa ní òrùlé. Fún mi ní ọ̀bẹ."

Ọlọ́pàá kan dé. Mo dìde, mo kí i pẹ̀lú Lárúbáwá tó jinlẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò nínú ìwé nìkan. Ó dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ fìlà fún mi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Samsu, ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ ni. Samsu ní òun ni. Ọlọ́pàá ní, "O ò nílé ni, tí ìyá ẹ fi ń dáná lójú títì?" Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Samsu wolẹ̀. Àwọn èrò ń wò ó. Ó ní òun nílé. Ọlọ́pàá da omi sí iná náà, ó ní kó máa mú ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ lójú òun.

Kò jìnnà rárá. A yà sí òpópó kan, a dé ilé gíga kan tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ti ń gbé ẹ̀wù sókè láti gun àtẹ̀gùn, Samsu sì yà sí abẹ́ àtẹ̀gùn náà. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbẹ̀. Ó ṣí i. Yàrá tí kò ju ẹnu abà lọ ni: ẹní, rédíò, iná gáàsì olójú kan, àti ògiri funfun tí a máa ń rí lórí fóònù. Ìgbálẹ̀ àti korobá wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà náà ni nǹkan kan ń já bọ̀ láti òkè. Apẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n fi okùn so ó, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró síwájú ojú Samsu. Ohùn ìyá arúgbó kan sì ń pe orúkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé lókè. Samsu kò mira. Ó dúró nínú kóòtù rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ń yí níwájú rẹ̀.

Ìyá Samsu wo apẹ̀rẹ̀, ó wo okùn, ó wo òkè.

"Kí ló ń fẹ́?"

"Búrẹ́dì ni, Ìyá mi," ni Samsu wí. "Èmi ni mégáàdì ilé yìí. Èmi ni mo máa ń rà á fún un."

"Lọ rà á fún un nígbà náà. Ṣé kí ebi máa pa àgbà? Kó o tó dé, màá ti họ ìpẹ́ ẹja yìí."

Samsu bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́, ó sì lọ. Ìyá rẹ̀ tan gáàsì. Kò wí nǹkan kan fún mi ju pé kí n sún ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́nà. Nígbà tí Samsu dé, tí apẹ̀rẹ̀ ti gòkè, a jókòó lórí ẹní, a jẹ ẹja náà pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó ti fẹ́ kú díẹ̀, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n irú Mẹ́kà gbà á là.

"Ẹ má bínú, Ìyá mi," ni Samsu wí. "Mo sọ fún wọn nílé pé mánéjà ni mí."

"Mo gbọ́ nígbà tí o sọ ọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ fún gbogbo Òtu. Àwa méjèèjì la jọ ni ín."

"Báwo ni mo ṣe máa wálé? Bàbá Ṣùkúrù àdúgbò wa ti ní kí n bá ọmọ òun wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì mi."

"Ṣé ohun tó dí ọ lọ́nà nìyẹn?"

"Òun ni."

"Kì í ṣe àìsàn? Kì í ṣe pé o jẹ̀bi ìjọba?"

"Rárá o, Ìyá mi."

Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àwo kalẹ̀. "Mo rò pé àpáta ni mo máa bá níbí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni. Tí mo bá délé, màá sọ fún wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi ni màá wà níbẹ̀, ìwọ ò ní sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, kó o wá."

Mo dá sí i. Mo ní ká kúkú sọ pé olórí ẹ̀ṣọ́ ààfin ni, torí ilé náà ga tó ààfin.

"Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí, ọkọ mi," ni Ìyá Samsu wí. Ó fọ àwo, ó gbá yàrá náà, ó bá ọmọ rẹ̀ gbá àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì lọ wọ rélùwéè wa.

Nígbà tí a délé, àwọn èèyàn rọ́ wá kí wa kú àbọ̀ Mẹ́kà. Bí Ìyá Samsu ṣe ń bu omi sámúsámù tí a gbé bọ̀ láti Mẹ́kà fún wọn, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́: "Ẹ mu omi. Mo rí Samsu. Mégáàdì ni, ara ẹ̀ le. Ẹ mú dàbínò." Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ní ọjà, Misturat aláta ń pè é ní Ìyá Mánéjà. Ó ń dáhùn pé, "Ìyá Mégáàdì ni. Kí lẹ fẹ́ rà?" Ó ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú àwọn tó ń pè é. Kí iṣu tuntun tó jáde, wọ́n ti rí ẹlòmíràn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, ọkọ̀ kan já Samsu sílẹ̀ ní gáréèjì. Kò wọ kóòtù. Ilé kún. Bàbá Ṣùkúrù, tó ní kí ó bá ọmọ òun wáṣẹ́, náà wá, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Mánéjà, ẹ káàbọ̀ o. Ọkọ̀ ojú omi wa ńkọ́?"

Samsu dọ̀bálẹ̀ fún un. "Mégáàdì ni mí, bàbá. Gbogbo yín lẹ wà níbí báyìí. Ta ló ń ṣọ́ ilé yín?"

Bàbá Ṣùkúrù rẹ́rìn-ín débi pé àpótí yí mọ́ ọn nídìí. Ìyá Samsu ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó kọjá láàárín wọn, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé wọ́n ti gbé omi sí balùwẹ̀ fún un.